Àpò Aago Mẹ́wàá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní báńkì lónìí, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n fún mi ní aago ògiri tí wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni ìwé àdéhùn náà. Àga mi àtijọ́ ò sí mọ́. Èyí tí wọ́n fún mi ń yí bí òkòtó, mo sì ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ni yóò gbé mi ṣubú.

Ọ̀gá wa, tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ lọ́jọ́ orí, kó wa jọ láàárọ̀. Ó ní báńkì àpapọ̀ ti gé ọjọ́ kúrú. Tẹ́lẹ̀, bí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò dára bá ti báńkì mìíràn dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la ní láti dá a padà. Láti òní lọ, èyí tó bá dé lọ́sàn-án òní gbọ́dọ̀ padà dé gbọ̀ngàn pàṣípààrọ̀ kó tó di aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọ̀la. Àpò yóò máa kúrò lọ́dọ̀ wa ní aago mẹ́wàá.

Ó ní, "Èyí tí kò bá sí nínú àpò yẹn, a ti san án nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ̀ mí."

Mo bi í pé bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ó ní òjò ò sí nínú ìwé tí báńkì àpapọ̀ kọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Òjò. Páànù ẹ̀yìnkùlé ti ń jò níbi méjì. Káfíńtà ní iye tí òun sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe iye ti ọ̀sẹ̀ yìí mọ́.

Nígbà tí a jẹun tán, ìyàwó mi ní, "Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an, tí wọ́n fi wá ń pe arúgbó?"

Mo ní kó ro àwọn báńkì bí ayálégbé tó ń gbé ilé kan náà. Ojoojúmọ́ ni ìwé ń ti ọ̀dọ̀ èyí lọ sọ́dọ̀ ìyẹn. Kàkà kí wọ́n máa ru owó kọjá lójúde, gbogbo wọn á kó ìwé wọn lọ sí gbọ̀ngàn báńkì àpapọ̀, wọn á pààrọ̀ wọn, báńkì àpapọ̀ á wá ṣírò ohun tó ṣẹ́kù láàárín wọn, á sì kọ ọ́ sínú ìwé oníkálukú.

"Owó ò kúrò lójú kan?"

"Ẹyọ kan ò kúrò."

"Kí wá lẹ ń ṣọ́?"

"Ìwé. Mo ń wò ó bóyá olówó ló fọwọ́ sí i lóòótọ́."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í sùn láìyẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ríṣẹ́ fún un."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ìyá Ìbejì ni wọ́n fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà ò sì lọ́ra. Bí mo bá rí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò dára, n óò fi pẹ́ńsù kọ "padà" sí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé mi, n óò sì fà á fún un. Òun ló ń kọ ìdí tí a fi dá a padà, òun ló ń tò wọ́n sínú àkọsílẹ̀, òun náà ló ń gbé àpò lọ. Oṣù mọ́kànlá ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ onígbà díẹ̀ níbẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni wọn yóò sọ bóyá wọ́n gbà á pátápátá.

Ó ní, "Bàbá, bẹ́ ẹ bá ń wo ẹyọ kan báyìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn ìbejì mi á ti gbéyàwó kí n tó délé."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ láyé àtijọ́ máa ń sọ pé ojú ìrọ̀lẹ́ ti rẹ̀, má fi í dájọ́ ìbuwọ́lùwé. Èyí tó bá ń ṣe ọ́ bákan, jẹ́ kó sùn, fojú àárọ̀ wò ó. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ méjì sábẹ́ kàlẹ́ńdà ńlá tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo fojú àárọ̀ wò wọ́n, dáadáa ni wọ́n. Ká ní mo ti dá wọn padà ńkọ́? Ìtìjú ni fún ẹni tó kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì rí mi. "Bàbá, ilé ìsùn ti wà níbí?"

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Omi bo ọ̀nà ìsàlẹ̀. Àpò dé gbọ̀ngàn nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mọ́kànlá lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ṣẹ́ẹ̀kì mọ́kànlélógóje ló wọlé lónìí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìyá oníbúrẹ́dì, mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, tí a kọ fún oníyẹ̀fun kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo mọ ọwọ́ obìnrin yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìkánjú ni ó fi ń buwọ́ lùwé, bí ẹni tí ààrò ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí dára jù. Gbogbo rẹ̀ rọra. Ìyá oníbúrẹ́dì kò sì fara balẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ ńkọ́, tí ó kàn jókòó sórí àga gidi lẹ́ẹ̀kan? Tí oníyẹ̀fun ò bá já yẹ̀fun fún un nítorí mi ńkọ́? Mo kọ "padà" sínú ìwé mi. Mo wá sọ ṣẹ́ẹ̀kì náà sábẹ́ kàlẹ́ńdà, kí n tún un wò láàárọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀rù láti ọjọ́ kejì oṣù, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Mo dé ọ́fíìsì, omi ń kán láti àjà sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn káàdì ìbuwọ́lùwé wà. Mo ń kó wọn kúrò, mo ń fi aṣọ nù wọ́n. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni awakọ̀ dé. Ó ní tí àwọn ò bá lọ nísinsìnyí, àwọn ò ní lè kọjá lójú omi. Ìyá Ìbejì ti so àpò. Ó kígbe láti ẹnu ọ̀nà:

"Bàbá! Ṣé ó pé?"

Káàdì kún ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ní, "Ó pé! Máa lọ!"

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù ni mo jókòó, tí mo fọwọ́ kan kàlẹ́ńdà. Mo yọ ọ́. Kò gbà mí ju ojú ẹyọ kan lọ. Ayédèrú ni, ọmọdé á mọ̀.

Ìyá Ìbejì dé, ó tutù rinrin, ó ń rẹ́rìn-ín pé awakọ̀ ń gbàdúrà sókè lójú omi bí ẹni tó ń kọrin. Mo kí i kú ọ̀nà. Mo fi ṣẹ́ẹ̀kì náà sápò aṣọ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó wà láàárín ojú ewé yìí àti èyí tó kàn. Mi ò mú bébà báńkì kan jáde rí láyé mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ìyá oníbúrẹ́dì dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá. Àwọn tó ń ta yẹ̀fun fún un ti kọ̀ láti já ẹrù, torí pé kò sówó nínú ìwé rẹ̀ mọ́. Ààrò mẹ́ta ló tutù láti àná. Ohùn rẹ̀ dé òpópónà.

"Ta ló kọ ṣẹ́ẹ̀kì? Èmi? Ìyá ta? Ẹ pe ẹni tó rí ọwọ́ mi níbẹ̀ kó wá fi hàn mí!"

Ọ̀gá ní kí wọ́n wá ṣẹ́ẹ̀kì náà jáde. Kò sí nínú àwọn tó kọjá, kò sí nínú àwọn tó padà. Ó ṣí ìwé mi. "Padà" wà níbẹ̀, pẹ́ńsù mi, déètì ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ṣí àkọsílẹ̀ Ìyá Ìbejì. Kò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá rí i. Bàbá ti sọ pé kó padà. Ìyá Ìbejì, ibo lo sọ ọ́ sí?"

Ó ní, "Ọ̀gá, tí Bàbá bá fún mi, màá kọ ọ́ sílẹ̀." Ó yí sí mi. "Bàbá, ṣẹ́ ẹ fún mi?"

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo ní ọjọ́ yẹn dàrú, pé òjò ń rọ̀, pé káàdì ń tutù. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sì sí ìdáhùn kankan nínú rẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì wá kọjú sí Ìyá Ìbejì. "Ó kéré tán, arúgbó yìí lójú. Ìwọ, kí lo ní? Ta lẹ jọ pín in?"

Mo fa àga fún ìyá oníbúrẹ́dì kó jókòó. Ohun tí mo rí ṣe nìyẹn. Mo fa àga.

Kó tó di aago mẹ́ta, wọ́n ti fún Ìyá Ìbejì níwèé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá fún un. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń fi ìkúnlẹ̀ wá a lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bá a wá a.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ sílé rẹ̀. Mo ti ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà tò nínú ọkọ̀, láti orí dé ìdí. Yàrá kan àti pálọ̀. Ó fi omi tútù fún mi. Ọkọ rẹ̀ dúró kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé o, ẹni tó ń kí ni là ń pè lẹ́ni." Àwọn ìbejì mú ìwé èsì ìdánwò wọn wá, mo ka ipò wọn, mo ní wọ́n káre.

Ìyá Ìbejì ní, "Mo ti tú àpò yẹn wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Bóyá omi ló gbé e, nígbà tá a sọ̀ ká ti ọkọ̀. Bàbá, orí mi fẹ́ dàrú."

Mo dìde. Mo ní kí Ọlọ́run bá wa wá a.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìyàwó mi ń wá pẹ́ńsù, ó ṣí ìwé yìí, ṣẹ́ẹ̀kì jábọ́ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

"Ti báńkì ni?"

Mo sọ fún un tán.

Ó ní, "Ogójì ọdún lẹ fi ń jí mi lóru, pé iná wà lórí sítóòfù, pé ọmọ ń wúkọ́, pé ojú ọ̀run ṣú. Mo ní ẹ̀rù ló ń ba Bàbá nítorí wa. Àṣé nítorí ara yín ni."

Mo ní kò yé e.

"Bí kò bá yé mi, ẹ lọ ṣàlàyé fún ẹni tó máa yé. Obìnrin yẹn ò jẹ yín ní gbèsè."



Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n bá àpò lọ sí gbọ̀ngàn. Bàbá Rọ́bà ṣì wà níbẹ̀, àgbà akọ̀wé báńkì oníyẹ̀fun tó gba owó náà, tí rọ́bà ìdìwé kún ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀gbà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti ẹ̀ ti ń na ìwé síra wa lórí tábìlì kan náà.

"Ìwọ! Wọn ò tíì sin ọ́?"

"Wọ́n ń dúró kí ìwọ ṣíwájú."

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣí ìwé owó oníyẹ̀fun náà, kò sí yẹ̀fun kankan níbẹ̀. Ó ti gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gba ìyókù ní ọ̀sán ọ̀la.

"Ẹ di í mú," mo ní.

"Pẹ̀lú kí ni? Aago mọ́kànlá ọjọ́rú ti kọjá, báńkì àpapọ̀ ti ka a sí sísan. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ mú lẹ́tà wá pé àṣìṣe yín ni, kẹ́ ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kì náà fúnra rẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi ò ní fọwọ́ kan owó oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lọ wá a, àgbà. Ọ̀la ọ̀sán ni mo sọ o."

Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń rò ó. Wọn ò nílò mi níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n nílò. Bí a bá kàn rí i lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọ̀la, owó ìyá oníbúrẹ́dì á padà. Ta ni yóò bi bébà léèrè bó ṣe débẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo dé ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti na ọwọ́ mi wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Eegun ìbàdí mi há. Mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà.

"Bàbá! Ẹ kú àárọ̀. Ẹ rọra, ẹ ò ní ṣubú? Kí lẹ ń wá? Ẹ jẹ́ n bá yín mú un."

Ìyá Ìbejì ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó fi ọwọ́ kan di apá mi mú, ó fi èkejì gba ohun tó wà lọ́wọ́ mi, bí ènìyàn ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó wò ó.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i níbẹ̀ ni. "Bàbá! Ẹ rí i! Ẹ ti rí i!" Ó ń fò sókè.

Ó dá mi láre kí n tó sọ̀rọ̀. Ká ní mo dákẹ́ ni, ó parí. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. N kò ní parọ́ nínú ìwé ara mi. Mo dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Kò sí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ̀ mi ló wà láti ọjọ́rú."

Mi ò dúró wo ojú rẹ̀. Mo gba ṣẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé tọ ọ̀gá lọ, mo sọ ọ́ ní ìdúró. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sójú ewé kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tún un kà." Mo ní rárá, kó máa gbé e lọ, pé ọ̀sán ni oníyẹ̀fun dá. Ó fi awakọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Bàbá Rọ́bà tẹ̀ mí láago ní ìrọ̀lẹ́. Oníyẹ̀fun dé, ó rí i pé wọ́n ti di ìwé owó òun, ó ní òun gbàgbé káàdì òun sọ́kọ̀, wọn ò rí i mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ìyá Ìbejì ò kí mi. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, má bínú."

Ó ń so ìdì ìwé. Kò gbójú sókè.

"Ẹ jókòó sórí àga mi. Ẹ mu omi mi. Ọkọ mi dúró kí yín. Ẹ ka èsì àwọn ọmọ mi, ẹ ní wọ́n káre." Ó fa okùn náà le. "Ká ní ẹ bú mi ni, Bàbá. Ká ní ẹ bú mi, ó sàn."

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Mílíọ̀nù méjì lé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ti padà sínú ìwé owó ìyá oníbúrẹ́dì. Ìyókù, báńkì ló sanwó rẹ̀, wọn yóò sì máa gé ìdajì owó iṣẹ́ mi títí ọ̀sẹ̀ méjìlá yóò fi pé. Ẹni tó ń ṣọ́ sítóòrù ìyá oníbúrẹ́dì ló kọ ṣẹ́ẹ̀kì; ó ti sá lọ. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Ọ̀gá ní, "Ta ló máa wá wo ọwọ́? Ẹ máa bọ̀ lọ́la, Bàbá. Ẹ sì ká kàlẹ́ńdà yẹn kúrò."

Ìyá Ìbejì gba lẹ́tà rẹ̀ lónìí. Wọ́n ti gbà á. Gbogbo ọ́fíìsì ló bá a yọ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́, láti orí àga mi.

Páànù: káfíńtà ní kí n wá ní oṣù kẹsàn-án. A ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ìyá Ìbejì gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìkí mi. Ó ní ọ̀gá sọ pé òun ni yóò gba ìjókòó mi tí mo bá lọ.

"Mi ò wá bá yín ṣeré. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́ mi."

Mo kọ́ ọ láti aago kan sí mẹ́rin. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ọ̀kan tí kì í ṣe ti iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje

Òjò láti ìdájí. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè níta kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù. Mo ti wo gbogbo tàná tán, mo ti ya èyí tó dára sọ́tọ̀. Ìyá Ìbejì tún ń ṣí wọn lẹ́yìn mi. Ó yọ ọ̀kan jáde, ti ọkùnrin kan tó ń ta táyà.

"Èyí kì í ṣe tirẹ̀."

Mo ní tirẹ̀ ni. Mo ti mọ ọwọ́ ọkùnrin yẹn láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

Ó fi ìka sí àárín orúkọ náà. "Ó gbé bírò kúrò níbí, ó wá tún un gbé sílẹ̀. Ta ní í sinmi láàárín orúkọ ara rẹ̀?"

Mo fi gíláàsì wò ó. Ó lè jẹ́ pé bírò ló gbẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan pè é. Mo la ẹnu pé kí a tẹ ọkùnrin náà láago ná, kí a tún wo káàdì rẹ̀.

Ó ti kọ ìdí rẹ̀. Ó ti tò ó. Ó sọ ọ́ sínú àpò, ó so ó, ó fi ọ̀rá bo orí, ó sì jáde sínú òjò. Mo wo aago ògiri: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí ó lu mẹ́wàá.

Kò bi mí bóyá ó dá mi lójú.